Bí a ṣe ń to nẹ́tíwọ́ọ̀kì aláìlókùn tí àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ ń rìn: yíyan ọ̀nà, ààbò, àti bí iṣẹ́ yóò ṣe máa já geere

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń tò ó níhìn-ín ni èyí tí kò ní òpó ìbánisọ̀rọ̀ kankan láàárín, tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ ń fi iṣẹ́ tirẹ̀ ránṣẹ́, tí ó ń gba tirẹ̀, tí ó sì tún ń ṣe agbódegbà fún àwọn yòókù. Àwọn adóòlà ẹ̀mí tí wọ́n wọ agbègbè tí omi ti wó òpó ibẹ̀ ń lo irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọkọ̀ tí ń tẹ̀ lé ara wọn lójú ọ̀nà, àti àwọn dúróònù tí ń ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè. Ohun tí ó mú un ṣòro ni pé ẹni tí ń gbé ọ̀rọ̀ fún ọ ní ìsinsìnyí lè ti kọjá sẹ́yìn ògiri kí ọ̀rọ̀ náà tó dé ibi tí ó ń lọ.

Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí sábà máa ń pín in sí mẹ́ta: ẹnìkan á yan ọ̀nà, ẹlòmíràn á bójú tó ààbò, ẹni kẹta á sì wá máa wá ìdí tí ohùn fi ń gé. Ìpinnu kan ṣoṣo ni mo ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Ẹ̀rọ tí ó bá purọ́ nípa ọ̀nà ni yóò ba ohùn jẹ́. Òǹtẹ̀ tí a bá lù mọ́ ìròyìn ọ̀nà kí irọ́ má baà wọ inú rẹ̀ yóò gba àyè nínú afẹ́fẹ́ kan náà tí ohùn fẹ́ gbà kọjá. Àrokò (yíyí ọ̀rọ̀ padà kí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ má lè mọ̀ ọ́n) tí a bá sì fi bo ohùn náà lè bo àmì tí àwọn ẹ̀rọ fi ń mọ̀ pé ohùn ni. Nítorí náà, ètò tí a óò tẹ̀ lé ní ìtẹ̀léra tirẹ̀: a ó wọn afẹ́fẹ́, a ó yan ọ̀nà, a ó ti ilẹ̀kùn, lẹ́yìn náà la ó tó sọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kọjá.

Ẹ kọ́kọ́ wọn afẹ́fẹ́

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ètò kankan lórí ẹ̀rọ, ẹ kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀: iye ẹ̀rọ tí yóò wà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń yára rìn tó, ohun tí wọn yóò máa gbé, àti iye wákàtí tí bátìrì wọn gbọ́dọ̀ lò. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò. Bí a bá fi ìlànà G.711 sọ ohùn di dátà, tí a sì ń kó ohùn 20 mílísẹ́kọ́ǹdì sínú pákẹ́ẹ̀tì (ìdì dátà kékeré) kọ̀ọ̀kan, pákẹ́ẹ̀tì 50 ni yóò máa jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Báìtì 160 ni ohùn fúnra rẹ̀, báìtì 40 sì ni àkọlé IP, UDP àti RTP (àlàyé ibi tí ó ń lọ àti bí a ó ṣe tò ó) tí a dì mọ́ ọn lórí, èyí tí ó sọ ọ́ di kílóbíìtì 80 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún apá kan ìpè, kí a tó ka ohun tí Wi-Fi yóò fi kún un. Ohùn méjì tí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ti di kílóbíìtì 160.

Ìṣirò yìí dà bí ohun kékeré títí a ó fi rántí pé afẹ́fẹ́ kan náà ni gbogbo ẹ̀rọ ń pín. A ó máa pe ìgbà kọ̀ọ̀kan tí pákẹ́ẹ̀tì bá ti ọwọ́ ẹ̀rọ kan bọ́ sí ti òmíràn ní ìgbésẹ̀ kan. Ẹ̀rọ tí rédíò kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀ kò lè máa gbà kí ó sì máa fi ránṣẹ́ nígbà kan náà, nítorí náà ọ̀nà onígbésẹ̀ méjì á gé agbára ìgbé-dátà sí ìdajì, ti onígbésẹ̀ mẹ́ta á sì gé e sí ìdá mẹ́ta. Ní ọdún 2001, àwọn olùwádìí kan ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé nínú ẹ̀wọ̀n ẹ̀rọ gígùn tí gbogbo nǹkan bá dára, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó yẹ kó ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìlànà 802.11, tí í ṣe ìlànà Wi-Fi, nǹkan bí ìdá kan nínú méje ni ó ń ṣẹ́kù. Bí ìsopọ̀ yín bá ń gbé mẹ́gábíìtì 20 láàárín ẹ̀rọ méjì, ẹ má ṣe ṣèlérí ju mẹ́gábíìtì 3 lọ fún ẹni tí ó wà ní ìparí ẹ̀wọ̀n.

Bí ẹ bá lè rí ẹ̀rọ tí ó ní rédíò méjì, ẹ rà á. Ẹ fi ọ̀kan ṣe ọ̀nà àárín àwọn ẹ̀rọ lórí 5 GHz, kí ẹ sì fi èkejì gba àwọn fóònù lórí 2.4 GHz, níbi tí ìkànnì 1, 6 àti 11 nìkan kò ti gun ara wọn lórí níbi púpọ̀ jù lọ.

Ibi tí ẹ̀rọ yóò wà lára ẹni ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, ẹ má wọ̀n ọ́n lórí tábìlì. Omi pọ̀ nínú ara ènìyàn, omi sì máa ń fa ìgbì 2.4 GHz mu, nítorí náà ẹ̀rọ tí ó wà nínú àpò ẹ̀yìn lè máa gbọ́ ẹni tí ó wà lẹ́yìn ketekete, kó má sì gbọ́ ẹni tí ó wà níwájú rárá. Ẹ gbé e kọ́ èjìká, kí áńtẹ́nà rẹ̀ nàró ju orí lọ bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ wá yí ara padà díẹ̀díẹ̀ kí ẹnìkejì yín máa ka iye agbára ìgbì tí ó ń rí. Ẹ wọ̀n ọ́n láti ìhà méjèèjì, nítorí pé kí ẹ̀rọ A gbọ́ ẹ̀rọ B kò túmọ̀ sí pé B gbọ́ A.

Ẹ kíyè sí ọ̀ràn àwọn tí wọn kò gbọ́ ara wọn pẹ̀lú. Bí A àti C bá wà ní ìhà méjì B, tí òkè kan sì wà láàárín wọn, A á rò pé afẹ́fẹ́ dákẹ́, C náà á rò bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì á sì sọ̀rọ̀ lé B lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìlànà RTS àti CTS wà fún èyí: ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ tọrọ àyè, B á sì dáhùn kí gbogbo ẹni tí ó wà nítòsí rẹ̀ gbọ́. Lórí Linux, àṣẹ "iw phy phy0 set rts 500" yóò mú kí àwọn pákẹ́ẹ̀tì tí ó ju báìtì 500 lọ nìkan máa tọrọ àyè, kí ohùn kéékèèké má baà san owó ibodè tí kò yẹ ẹ́.

Yíyan ọ̀nà

Ìlànà méjì ló wà. Ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ̀rọ má wá ọ̀nà àfi ìgbà tí ó bá ní nǹkan láti fi ránṣẹ́: yóò pariwo ìbéèrè, ìbéèrè á máa lọ láti ọwọ́ sí ọwọ́, ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà á sì dáhùn. AODV, tí a tẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí RFC 3561 (RFC ni ìwé ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń fi nọ́ńbà pè) ní oṣù keje ọdún 2003, ni gbajúmọ̀ ibẹ̀. Ìkejì ni kí gbogbo ẹ̀rọ máa tọ́jú àwòrán ọ̀nà sílẹ̀ nígbà gbogbo, bíi ti OLSR, RFC 3626, oṣù kẹwàá ọdún 2003. Ní ti OLSR, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á yan díẹ̀ nínú àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí wọn yóò máa tún ìròyìn sọ, kí gbogbo ẹnu má baà máa pariwo ọ̀rọ̀ kan náà.

Bí ẹ̀rọ yín kò bá ju méjìlá tàbí ogún lọ, tí wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lemọ́lemọ́, ìlànà ìkejì ni mo fara mọ́, nítorí pé ẹni tí ó bá tẹ bọ́tìnì láti ké pè fún ìrànlọ́wọ́ kò yẹ kó dúró de ìwákiri ọ̀nà. Bí wọ́n bá pọ̀ gan-an tí wọn kì í sì í sábà sọ̀rọ̀, ẹ lo ti àkọ́kọ́. Fún ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀, batman-adv ni ó rọrùn jù, nítorí pé ó ti wà nínú Linux fúnra rẹ̀ láti ẹ̀yà 2.6.38 ní ọdún 2011. Kò bìkítà nípa àwòrán gbogbo ọ̀nà, aládùúgbò tí ó dára jù láti gbà dé ibi kọ̀ọ̀kan nìkan ni ó ń rántí. Babel, tí ẹ̀yà rẹ̀ ti RFC 8966 jáde ní ọdún 2021, dára níbi tí ẹ bá fẹ́ so okùn àti aláìlókùn pọ̀.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì ju orúkọ ìlànà lọ ni bí àwọn ẹ̀rọ ṣe ń kí ara wọn lemọ́lemọ́ tó. Lórí OLSR, ìṣẹ́jú àáyá 2 ni a dá fún ìkíni, a ó sì dúró fún ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 6, kí a tó gbà pé aládùúgbò ti lọ. Ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn ní mítà kan àbọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò ti rin mítà 9 láàárín àkókò yẹn, èyí tí a lè fara dà. Ọkọ̀ tí ń sáré ní mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò ti lọ mítà 120, gbogbo ohun tí a bá sì fi ránṣẹ́ sí i ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà wọ̀nyẹn ti ṣòfò. Nítorí náà, ẹ dá àkókò ìkíni ní ìbámu pẹ̀lú ìrìn: ẹ wo mítà tí ẹ̀rọ lè rìn kí ìsopọ̀ tó já, ẹ pín in sí bí ó ṣe ń yára, ẹ sì tún pín èsì náà sí mẹ́ta. Ẹ má ṣe dín in kù ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé gbogbo ìkíni ń jẹ bátìrì, ó sì ń gba afẹ́fẹ́.

Èwo ni ọ̀nà tí ó dára? Ìdáhùn tí ó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ni ọ̀nà tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ kéré jù, ìdáhùn náà sì ń ṣini lọ́nà. Ọ̀nà tí ìgbésẹ̀ rẹ̀ kéré máa ń yan aládùúgbò tí ó jìnnà jù, tí a ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́. Ní ọdún 2003, De Couto, Aguayo, Bicket àti Morris gbé òṣùwọ̀n kan jáde tí wọ́n pè ní ETX, tí ó ń ka iye ìgbà tí a óò fi pákẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́ kó tó dé. A ó sọ ìpín tí ó ń dé ní lílọ di púpọ̀ pẹ̀lú ìpín tí ó ń dé ní bíbọ̀, a ó sì fi èsì rẹ̀ pín 1. Bí ìsopọ̀ tààrà láti A sí D bá ń gbé 0.6 lọ tí ó sì ń gbé 0.5 bọ̀, ETX rẹ̀ jẹ́ 3.33. Bí a bá gba ọ̀dọ̀ B, tí ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ sì ń gbé 0.95 lọ àti bọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1.11, méjèèjì jẹ́ 2.22. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà; èyí tí ó yípo díẹ̀ ni yóò tètè dé níhìn-ín.

Ọ̀fìn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùwọ̀n yìí tí ó ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ìkíni tí a fi ń wọn ìsopọ̀ máa ń jáde ní ìyára tí ó kéré jù lọ, bíi mẹ́gábíìtì 1, ohun tí ó bá sì lọ́ra máa ń dé ibi jíjìn. Ìkíni á máa dé, dátà tí ń sáré kò ní dé, tábìlì ọ̀nà, ìyẹn àkọsílẹ̀ ọ̀nà inú ẹ̀rọ, á sì máa sọ pé gbogbo nǹkan dára. Ẹ gbé ìyára ìkíni náà sókè sí nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 6 tàbí 12, kí aládùúgbò tí kò lè gbé ẹrù má baà forúkọ sílẹ̀ bí aláàárù.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dán irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí wò, orí tábìlì kan ni mo to ẹ̀rọ márùn-ún sí. Gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yege, láìrí i pé gbogbo wọn ń gbọ́ ara wọn, tí kò fi sí ọ̀nà kankan tí a yàn. Ẹ dín agbára ìgbì kù kí ẹ tó dán an wò nínú ilé. "iw dev wlan0 set txpower fixed 100" á mú un wá sí 1 dBm, agbára kékeré gan-an. Ẹ gbé wọn sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ sì rí i nínú tábìlì ọ̀nà pé ẹ̀rọ àkọ́kọ́ kò rí ẹ̀rọ ìkẹyìn láìgba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, kí ẹ tó gba èsì kankan gbọ́.

Títi ilẹ̀kùn

Ẹnu ọ̀nà ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. WEP, ìlànà àtijọ́ tí a fi ń dáàbò bo Wi-Fi, ti bàjẹ́ láti ọdún 2001, kò sì yẹ kí a tún rí i níbikíbi. Ìkọlù KRACK tí a tú síta ní ọdún 2017 fi hàn pé WPA2 pàápàá ní ibi tí ó ti lè jò bí a kò bá tún sọ́fítíwíà ẹ̀rọ ṣe. Ẹ lo WPA3, tí ó jáde ní ọdún 2018, tàbí ìlànà SAE lórí àwọn ẹ̀rọ 802.11s (ìlànà Wi-Fi fún irú nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí); pẹ̀lú rẹ̀, ẹni tí ó bá gba ìgbì yín sílẹ̀ kò lè lọ jókòó sílé kó máa méfò ọ̀rọ̀ aṣínà títí yóò fi bá a. Ẹ tan ààbò 802.11w pẹ̀lú, kí ẹlòmíràn má baà máa fi ìròyìn èké lé ẹ̀rọ yín kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Ṣùgbọ́n bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹ̀rọ tí ó jábọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀; kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ó lè ṣe lórí AODV. Ẹ̀rọ A fẹ́ bá ẹ̀rọ D sọ̀rọ̀, ó sì pariwo ìbéèrè. AODV ń fi nọ́ńbà ìtẹ̀léra mọ ìròyìn tuntun yàtọ̀ sí ti àtijọ́: èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá tóbi jù ni a gbà pé ó tuntun jù. Nọ́ńbà D tòótọ́ jẹ́ 41. Ẹ̀rọ burúkú náà, M, kò wá D rárá. Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀ pé ìgbésẹ̀ kan péré ni òun fi jìnnà sí D, nọ́ńbà òun sì jẹ́ 900. Ẹ̀rọ A gbà á gbọ́. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ohun tí A bá fi ránṣẹ́ sí D á bọ́ sọ́wọ́ M, M á sì jù ú nù. Nígbà tí D fúnra rẹ̀ bá dáhùn pẹ̀lú 42, A kò ní kà á sí mọ́.

Oògùn rẹ̀ ni òǹtẹ̀. SAODV ń lu òǹtẹ̀ mọ́ apá ìròyìn tí kì í yí padà, ó sì ń lo ẹ̀wọ̀n iye àdììtú (iye tí a ṣírò léra wọn, tí a kò lè ṣírò padà sẹ́yìn) fún kíka ìgbésẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè dín iye rẹ̀ kù. Bí ẹ bá ń lo OLSR ẹ̀yà kejì, RFC 7183 ti ọdún 2014 ti sọ bí a ó ṣe fi HMAC àti SHA-256 (ìṣirò àdììtú tí a ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣe) lu òǹtẹ̀ mọ́ ìròyìn ọ̀nà, pẹ̀lú àkókò tí a kọ ọ́, kí ẹnìkan má baà gba ìròyìn àná sílẹ̀ kó tún un sọ lónìí. Èyí túmọ̀ sí pé aago gbogbo ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ bára mu. Níbi tí kò ti sí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kan tàbí méjì máa gba àkókò láti ọ̀dọ̀ GPS, kí wọ́n sì máa pín in fún àwọn yòókù. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀rọ jọ ń lò kò lè fi olè inú ilé hàn. Ẹ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kí ẹ sì pinnu ṣáájú ẹni tí yóò yọ ọ́ kúrò nínú ìwé àti bí àṣẹ náà yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹ̀rọ, nítorí pé ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá sọnù kì í ṣe ọjọ́ tí a ń jókòó ro nǹkan.

Ìkọlù kan wà tí òǹtẹ̀ kò ràn. Ẹ̀rọ méjì tí wọ́n jìnnà síra lè ní okùn ìkọ̀kọ̀ láàárín ara wọn, kí wọ́n máa gbé ìkíni láti ìhà kan lọ sí ìhà kejì láìyí ohunkóhun padà nínú rẹ̀, tí gbogbo ayé á sì rò pé aládùúgbò ni àwọn tí wọ́n jìnnà síra. Hu, Perrig àti Johnson dábàá ní ọdún 2003 pé kí pákẹ́ẹ̀tì máa gbé ibi tí ó ti wá tàbí àkókò tí ó jáde dání, kí ẹni tí ó gbà á lè mọ̀ bóyá ó rin jìnnà ju bí rédíò ṣe lè lọ. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi mítà 300 ní ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, nítorí náà aago lásán kò tó fún ti àkókò. Bí GPS bá wà lára àwọn ẹ̀rọ yín, ti ibi ni kí ẹ lò.

Ní ti ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ pa á ní àrokò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí àwọn agbódegbà máa gbé e láìmọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. WireGuard, sọ́fítíwíà tí ń ṣe èyí, wà nínú Linux láti ẹ̀yà 5.6 ní ọdún 2020, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n ó ń fi nǹkan bíi báìtì 60 kún pákẹ́ẹ̀tì lórí IPv4. Lórí fáìlì ńlá, kò tó nǹkan. Lórí pákẹ́ẹ̀tì ohùn tí ó jẹ́ báìtì 200, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta, kílóbíìtì 80 wa á sì ti kọjá 100.

Ẹni tí yóò kọ́kọ́ kọjá

Láti ọdún 2005 ni ìlànà 802.11e ti pín ohun tí ń kọjá lórí Wi-Fi sí ọ̀wọ́ mẹ́rin: ohùn, fídíò, iṣẹ́ ojoojúmọ́, àti ohun tí kò kánjú. Àmì DSCP tí ó wà lára pákẹ́ẹ̀tì ni a fi ń mọ ọ̀wọ́ tí ó yẹ. Ohùn ń gbé 46. Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń wo bíìtì mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan: 46 jẹ́ 101110, bíìtì mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ̀ sì jẹ́ 5, èyí tí ó bọ́ sí ọ̀wọ́ fídíò. RFC 8325 ti ọdún 2018 sọ pé kí a gbé e lọ sí 6, ọ̀wọ́ ohùn. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí ẹ̀rọ yín, kí ẹ má sì kàn gbà pé ó rí bẹ́ẹ̀.

WireGuard tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i ń fa ìṣòro kejì: kì í kọ àmì DSCP ti inú sí ara èyí tí ó wà lóde. Ohùn tí ẹ sàmì sí dáadáa á wọ inú àrokò, á sì jáde bí iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ohun tí mo ń ṣe ni pé kí ohùn ní ojú ọ̀nà WireGuard tirẹ̀ lórí nọ́ńbà pọ́ọ̀tù ọ̀tọ̀, kí n sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tí ó ń fi ránṣẹ́ sàmì 46 sára gbogbo ohun tí ó bá gba pọ́ọ̀tù náà jáde. Ẹni tí ń gbọ́ ìgbì yín láti òde á lè mọ ìgbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀, bí kò tilẹ̀ mọ ohun tí ẹ ń sọ. Bí ìyẹn bá léwu fún iṣẹ́ yín, ẹ fi gbogbo nǹkan sí ojú ọ̀nà kan, kí ẹ sì gba pé ohùn kò ní rí àyè àkọ́kọ́. Ẹ tún fi òdiwọ̀n sí iye ohun tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lè sàmì ohùn sí, nítorí pé ẹ̀rọ tí ó bá sọ gbogbo fáìlì rẹ̀ di ohùn yóò ti gbogbo yín sẹ́yìn.

Ní ti sún kẹrẹ fà kẹrẹ, ẹ tan ping (àṣẹ tí ń wọn àkókò àlọ àti àbọ̀) láàárín ẹ̀rọ méjì, ẹ jẹ́ kó máa lọ, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáìlì ńlá kan ránṣẹ́ ní ọ̀nà kan náà. Bí iye tí ó wà ní mẹ́wàá tàbí ogún mílísẹ́kọ́ǹdì bá fò sókè sí ọgọ́rọ̀ọ̀rún, kì í ṣe pé ìgbì kò dára. Ìlà ìdúró ló gùn jù nínú ẹ̀rọ. FQ-CoDel, RFC 8290, ni ó ń tún èyí ṣe: ó ń ya ìlà àwọn tí ń sọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, kì í sì í jẹ́ kí pákẹ́ẹ̀tì gbó sínú ìlà.

Àjọ ITU, ti ìbánisọ̀rọ̀ lágbàáyé, gbà nínú ìlànà G.114 pé ohùn kò yẹ kó pẹ́ ju mílísẹ́kọ́ǹdì 150 lọ ní apá kan. Ẹ yọ 20 kúrò fún kíkó ohùn sínú pákẹ́ẹ̀tì, ẹ yọ nǹkan bí 60 fún ibi tí olùgbà ti ń tún ségesège àkókò tò, 70 ló ṣẹ́kù. Lórí ìgbésẹ̀ mẹ́rin, kò pé 18 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí i pé kò tó, ẹ fi G.711 sílẹ̀ kí ẹ lo Opus, tí ó lè sọ̀ kalẹ̀ dé kílóbíìtì 6, kí ẹ sì fi òté lé iye ìpè. Ó sàn kí ẹni karùn-ún gbọ́ pé àyè kò sí ju kí ohùn àwọn mẹ́rin tí ń sọ̀rọ̀ bàjẹ́.

Ìrìn àyẹ̀wò

Ẹ ṣe é ní ẹ̀ẹ̀mẹta lórí ọ̀nà ìrìn kan náà: láìsí òǹtẹ̀ àti àrokò, pẹ̀lú wọn, àti lẹ́yìn tí ẹ bá ti to ọ̀wọ́ sí i. Ẹnìkan á jókòó síbi kan, ẹnìkejì á máa rìn pẹ̀lú ẹ̀rọ ní èjìká, "iperf3 -c 10.0.0.7 -u -b 64k -l 160 -t 600" á sì máa fi pákẹ́ẹ̀tì 50 ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ìpè kan ṣe ń ṣe, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ kọ àkókò tí ó kọjá sẹ́yìn ògiri sílẹ̀, kí ẹ sì fi wé àkókò tí pákẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù àti èyí tí wọ́n padà dé. Bí àlàfo náà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ìlọ́po mẹ́ta àkókò ìkíni yín, ọ̀nà ni kí ẹ padà lọ tún ṣe. Bí ìgbà tí ẹ tan òǹtẹ̀ àti àrokò nìkan ni ó gùn sí i, ẹ yẹ aago àwọn ẹ̀rọ wò, kí ẹ sì yẹ iye báìtì tí WireGuard fi kún un wò. Bí kò bá sì sí àlàfo, tí ohùn ṣì ń gé, inú ìlà ìdúró ni kí ẹ wò, lórí ẹ̀rọ tí ó wà láàárín, tí ẹnikẹ́ni kò gbé lọ́wọ́.